Ẹsẹ̀ Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Onígbọ̀wọ́ ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe ẹni tó bá náwó sí ètò wọn. Kí rédíò tó dé rárá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ayánilówó. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó dúró fún ajigbèsè, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí onítọ̀hún kò bá san, òun yóò san. Ìwọ̀fà ni ọ̀rọ̀ kejì tó bá a rìn: ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé owó tí a yá, títí owó náà yóò fi san tán. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, Samuel Johnson fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Mo mú ọ̀rọ̀ méjèèjì wá síbí nítorí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ní Lọ́ńdọ́nù láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń múra fún eré máratọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará àti ọ̀rẹ́ fún àjọ aláàánú kan. Wọ́n ní onígbọ̀wọ́ ni àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n bí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ṣe bí ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún àwọn tó dáwó. Èrò tèmi ni pé kò sí olùdáwó kan tó béèrè fún irú ìdógò bẹ́ẹ̀, àti pé àṣìṣe kékeré yìí nípa ohun tí a ṣe ìlérí rẹ̀ ló ń sọ ìrora tó yẹ kó sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di àbùkù ara tí ń gba oṣù mẹ́fà.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1981 ni Chris Brasher àti John Disley kọ́kọ́ gbé eré Lọ́ńdọ́nù kalẹ̀, nínú òjò, iye àwọn tó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò pé 6,300. Láti 1993 ni àwọn olùṣètò ti ń ta àyè fún àwọn àjọ aláàánú, tí àwọn àjọ náà á wá fún ẹni tó bá lè kó owó jọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Lọ́dún 2025, àwọn 56,640 ló parí eré náà, owó tí wọ́n kó jọ fún àwọn aláìsàn, ọmọ aláìníyàá, àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sì jẹ́ mílíọ̀nù 87.3 pọ́n-ùn, nítorí eré ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún ti 2026, àwọn 1,133,813 ló fi orúkọ sílẹ̀ fún ìbò tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò sáré. Nítorí náà, ẹni tí ìbò kò bá mú, tí kò sì yára bí ẹyẹ, ẹnu ọ̀nà àjọ aláàánú ló kù fún un, àjọ náà á sì sọ fún un pé kó mú nǹkan bí £2,000 wá. Kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ kan, ó ti fọwọ́ sí gbèsè. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í ṣe asáré tẹ́lẹ̀. Ìyá kan tí àìsàn jẹ ọmọ rẹ̀ níyà ni, tàbí ọkùnrin tí jẹjẹrẹ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Láti Blackheath àti Greenwich ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba Woolwich àti Deptford kọjá, níbi tí ohùn Yorùbá kò ti ṣọ̀wọ́n lẹ́bàá títì, wọ́n á gun Tower Bridge, wọ́n á lọ títí dé Canary Wharf, kí wọ́n tó padà wá parí sí The Mall. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gbogbo rẹ̀, gígùn tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní eré Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ́nù ti 1908.

Kí ni ẹni tó dáwó ń rà? Ìbéèrè yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ dáhùn. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá méjì, Christopher Olivola àti Eldar Shafir, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn kan bóyá wọ́n á dá owó síbi ètò kan tó jẹ́ pé jíjẹ àti mímu ní gbangba ìta ni wọn yóò fi kó owó jọ. Wọ́n bi àwọn mìíràn bóyá wọ́n á dá a bó bá jẹ́ pé wọ́n ní láti kọ́kọ́ sá eré máìlì márùn-ún. Àwọn tí eré kàn ló túbọ̀ ṣetán láti dáwó, pàápàá bí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dáwó bá jẹ́ ìyà tó ń jẹ ọmọ ènìyàn. Àwọn tó ka ìwádìí yìí lóréfèé sọ pé: ẹ ò rí i, ìyà asáré ni olówó ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìyà náà ń jẹ nínú ìdánwò yẹn. Olùdáwó fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ẹ̀bùn máa ń níyì lójú ẹni tó fún un bó bá ti inú wàhálà jáde. Inú orí asáré ni ìgbàgbọ́ pé láìsí ìrora kò sí ìtumọ̀ ń gbé. Kò di dandan kó wà lọ́kàn ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní Peckham tó fi £20 ránṣẹ́ nígbà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ìwádìí mìíràn wà tó wo àwọn olùdáwó gan-an. Sarah Smith, Frank Windmeijer àti Edmund Wright gbé e jáde ní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ojú ìwé ìdáwójọ àwọn asáré lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n rí i pé bí ìpíndọ́gba ohun tí àwọn tó ṣáájú ti dá bá fi £10 ga sí i, ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn á fi nǹkan bí £2.50 kún tirẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìkórè ìjọ rí kò nílò Yunifásítì kó tó mọ èyí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ pe bàbá ìkórè àti ìyá ìkórè kí wọ́n tó pe àwọn yòókù? Kí ló dé tí alága ètò ìfilọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dárúkọ owó tirẹ̀ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Nítorí pé ojú ara wa la fi ń wọn ọwọ́ wa. Owó máa ń tẹ̀lé ẹni tó tọrọ, ohun tó tọrọ rẹ̀ fún, àti àwọn tó ti dá a ṣáájú. Ibi tí asáré parí sí kò sí nínú ìṣirò yẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ jùlọ ti sanwó kí ọjọ́ eré tó pé. Èyí ní ẹ̀kọ́ tó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń wá onígbọ̀wọ́: kí ó lọ bá ẹni márùn-ún tí ọwọ́ wọn gbòòrò lákọ̀ọ́kọ́, kí orúkọ wọn wà lókè ojú ìwé náà kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí WhatsApp, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí gbèsè yẹn ti fúyẹ́ tán nígbà tí eré sísá gan-an bá le. Ẹni tó ṣì ń wá £1,400 ní oṣù Kẹta ni kì í lè gbọ́ ohun tí orúnkún rẹ̀ ń sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ eegun fúnra rẹ̀. Ní 1855, dókítà àwọn ọmọ ogun Prussia kan tó ń jẹ́ Breithaupt kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn ń wú tó sì ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn gígùn, láìjẹ́ pé ohunkóhun já lu ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí àwòrán X-ray tó fi hàn pé eegun tó ti sán ni. Eegun kì í ṣe òkúta. Bí ẹrù tuntun bá dé bá a, ara a kọ́kọ́ hú èyí tó ti gbó kúrò, ìyẹn á gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi tuntun dí àyè rẹ̀, èyí sì lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Láàárín àkókò méjèèjì, eegun náà dà bí ilé tí wọ́n ń pààrọ̀ òpó rẹ̀ nígbà tí àwọn ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀. Èémí àti ọkàn asáré á ti lágbára láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣan itan rẹ̀ náà á ti le, ojúgun nìkan ni kò tíì ṣetán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fara pa ní àkókò gan-an tí wọ́n rò pé àwọn ti ń mọ̀ ọ́n sá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ni ti ń sọ pé kí asáré má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún àpapọ̀ eré ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn olùwádìí ní Groningen dán òfin náà wò lára àwọn 532 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré, èsì rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn tó tẹ̀ lé e àti àwọn tí kò tẹ̀ lé e, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló fara pa ní ìhà méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe pé òfin kò sí. Ibi tí wọ́n ń wò ni kò tọ̀nà. Ní 2025, ìwádìí láti Aarhus ní Denmark tó tọ ipasẹ̀ àwọn asáré tó lé ní 5,200 fi ibi tó yẹ ká wò hàn: eré kan ṣoṣo tó gùn jù. Bí eré ọjọ́ kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá lọ gùn ju èyí tó gùn jùlọ nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú, àní bó tilẹ̀ jẹ́ láàárín ìdá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n péré, ewu ìfarapa á fi ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ó bá ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ewu náà yóò ju ìlọ́po méjì lọ pẹ̀lú. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ní èdè kúkúrú, ọjọ́ Sátidé kan tí ènìyàn fi ìgboyà ṣe ohun tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ló ń ba oṣù mẹ́ta jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ni eré Lọ́ńdọ́nù ti 2026. Ẹni tó bá lè sá kìlómítà mẹ́wàá ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, tó sì ń fi ìdá mẹ́wàá kún eré gígùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á dé kìlómítà 16 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, á dé 31 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ni ó yẹ kó fi dín eré kù kí ara lè sinmi. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún òtútù, fún iṣẹ́ alẹ́, fún ọmọ tó ní ibà, fún ojúgun tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹni tó bá lọ sílé lóṣù Kejìlá fún ìgbéyàwó àbúrò tàbí ìsìnkú bàbá, tó sì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní láìsáré kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ti jẹ gbogbo àyè yẹn tán, ó tún jẹ gbèsè lé e. Ààwẹ̀ tún ń bọ̀ láàárín: lọ́dún 2026, nǹkan bí ọjọ́ kan náà, 18 oṣù Kejì, ni ààwẹ̀ Ramadan àti ti Lẹ́ńtì bọ́ sí, ní ọ̀sẹ̀ tí eré gígùn ń kọjá kìlómítà 18. Eegun tí kò bá rí oúnjẹ tó kò lè tún ara rẹ̀ kọ́. Oòrùn pẹ̀lú kò sí. Ìmọ̀ràn ìjọba Bìrìtìkó fún àwa aláwọ̀ dúdú ni pé ká máa lo fítámì D, máíkírógíráàmù mẹ́wàá lójúmọ́, yípo ọdún, èmi kò sì rí ìdí tí ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn oṣù Kìíní yóò fi kọ̀ ọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí ẹni tó ti gba àyè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe nítorí kó lè yára jù. Kó lè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò lè sọnù láìsí ìpayà ni.

Ìrora kò rí bákan náà, ẹni tó bá sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Èyí tó gba gbogbo itan lẹ́yìn eré gígùn, tó le jù ní ọjọ́ kejì tó sì lọ ní ọjọ́ kẹrin, owó ọjà ni. Èyí tó wà lójú kan lórí ojúgun tí ìka kan lè tọ́ka sí, tó ń le sí i bí eré ṣe ń lọ, tó tún ń jíni lóru, ìyẹn ń sọ̀rọ̀ eegun. Èyí tó bá wà ní abẹ́ itan, ní oríkèé ìbàdí, tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ kan náà tọ, kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé ọrùn eegun itan lè kán pátápátá lójú ọ̀nà, kó sì di iṣẹ́ abẹ. Bí ojúgun bá sán, tí a sì sinmi lásìkò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jinná láàárín oṣù méjì. Lásìkò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ti sọ fún 90 ènìyàn lórí WhatsApp pé òun máa sáré kì í fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ojúgun rẹ̀, oògùn apàrora ni yóò mú.

Oògùn yìí la gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Níbi eré máratọ́ọ̀nù ìlú Bonn ní Jámánì lọ́dún 2010, wọ́n bi àwọn asáré tó súnmọ́ 4,000 léèrè: nǹkan bí ìdajì wọn ló ti gbé oògùn apàrora mì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án nínú àwọn tó lò ó ló dé ilé ìwòsàn: àwọn mẹ́ta tó lo ibuprofen, kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn mẹ́rin tó lo aspirin ṣẹ̀jẹ̀, àwọn méjì tó lò ó ní ìkọlù ọkàn. Nínú àwọn tí kò lo ohunkóhun, kò sí ẹnì kan tó dé ibẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Oògùn yìí kì í mú ẹkún kúrò, ojú tí a fi ń ríran ló ń dí. Fún àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ kíndìnrín yìí ní apá kan sí i. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde sì jẹ́ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni tó ní in, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn náà jẹ́ AS. Ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 47,944, tó jáde ní 2016, mú ìbẹ̀rù ńlá kúrò: AS kò fi kún ikú. Ṣùgbọ́n ó fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu kí iṣan ara máa tú dà sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ohun tó sì máa ń tibẹ̀ dí náà ni kíndìnrín. AS kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré. Ó sọ pé kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́, kí ó má sì fi ibuprofen lé ara tó ti ń ké tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ara ẹni ni ẹni ń fi wewu, kí ló kan aráyé? Àwọn oníṣègùn ní Tayside ní Scotland ti fún wọn lésì ní 1999, níbi ọ̀rọ̀ tó jọ èyí: àwọn tó ń fi agbòòrùn ńlá fò látinú bàálù láti kówó jọ. Fún ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó fara pa, 174 ni wọ́n, àwọn tó ń fò fún ìgbà àkọ́kọ́ nítorí àjọ aláàánú ló sì pọ̀ jùlọ nínú wọn. £30 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan kó jọ ní ìpíndọ́gba. Gbogbo pọ́n-ùn kan tó dé ọwọ́ àjọ ná ilé ìwòsàn ìjọba ní £13.75. Mo mọ̀ pé máratọ́ọ̀nù kì í ṣe fífò látòkè. Owó tí asáré Lọ́ńdọ́nù ń mú wá pọ̀ ju £30 lọ fíìfíì, ìfarapa rẹ̀ kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa eré yìí tì. Ohun tí Tayside kọ́ wa ni pé inú rere ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kan kò ní kí iṣẹ́ náà má ṣe é léṣe, àti pé àwọn ará ìlú ló ń san ìyókù owó náà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìlérí. Ọmọlúàbí kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé òun á sáré, tó wá jókòó sílé lọ́jọ́ eré, ojú wo ni yóò fi wò wọ́n ní ìjókòó ẹgbẹ́? Ìtìjú yìí jinlẹ̀, èmi kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Òun làwọn baba wa ń wí tí wọ́n fi sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín ti ẹni tó da ìlú rẹ̀ tàbí tó kó owó jẹ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ní tààrà sí àjọ, tí owó náà ti di abẹ́rẹ́ àti ìbùsùn, kò sí ohun tí asáré jí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ṣàdéhùn rẹ̀ ló yẹ ká kọ síbẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìwé ìdáwójọ bá sọ pé "ẹ fún mi lówó, màá parí kìlómítà 42," ìwọ̀fà ni ẹni tó kọ ọ́ sọ ara rẹ̀ dà. Bó bá sọ pé "owó yìí, ti àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni, mo máa fi oṣù mẹ́fà múra, mo máa sá ibi tí ara mi bá lè sá dé, bí dókítà bá dá mi dúró màá sọ fún yín," ìlérí tó lè mú ṣẹ ló ṣe, ojú kò sì ní tì í. Onígbọ̀wọ́ ni àwọn tó dáwó, gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn: àwọn ló dúró fún un bí agbára rẹ̀ kò bá gbé e.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ aláàánú ní àtakò tiwọn, ó sì ní ìwúwo. Àyè tí wọ́n rà ti lọ bí asáré bá dúró lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Owó ni wọ́n fi rà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti sọ̀rọ̀ ló máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Àjọ tó bá fi ìwé ṣọwọ́ lóṣù Kejì tó béèrè bí ara ṣe ń ṣe, tó sì sọ ní kedere pé ẹni tó bá fara pa lè sún eré rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀, á tètè gbọ́. Àwọn mìíràn tún ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn dáwó láìsí eré rárá. Mo fẹ́ràn ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń wá ẹni tí yóò fún ní £20 fún àìsàn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ni yóò wá bá a, pẹ̀lú ìdí kan lọ́wọ́. Eré náà ni ìdí yẹn, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù, ìyẹn ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń sáré nítorí fòníkú-fọ̀ládìde, fún irú àjọ bíi Sickle Cell Society tó ti wà ní Lọ́ńdọ́nù láti 1979. Ìrora ni àìsàn náà, ìrora tó ń dé láìpe ẹni, tó ń wọ inú eegun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin Bìrìtìkó kan gbé ìjábọ̀ jáde lórí bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn náà, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé aláìsàn á dé pàjáwìrì, á sọ pé ara ń dun òun, wọn kò ní gbà á gbọ́, wọ́n á rò pé oògùn olóró ló ń wá. Ẹni tó ń sáré fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí eegun tirẹ̀ ń ké tí òun náà kò gbà á gbọ́, tó ń fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́ nítorí ohun tí ènìyàn á sọ, ń ṣe sí ara rẹ̀ ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe sí àwọn tó ń sáré fún. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìgbà tí ara bá ní kí ènìyàn dúró, à á dúró. Wọ́n ti fi iṣẹ́, ìdánwò àti ìrìn-àjò sílẹ̀ lójijì nítorí rẹ̀. Èmi kò rò pé ọ̀kan nínú wọn á dá ẹ̀bi fún asáré tó gbọ́ ti ara rẹ̀.

Orúkọ kan kù tí wọ́n máa ń dá fún mi bí mo bá sọ èyí, Terry Fox. Ọmọ Kánádà ni, ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí jẹjẹrẹ eegun mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún ní 1977. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1980, ó fi ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gbéra ní St. John's, ó sì ń sá nǹkan bíi máratọ́ọ̀nù kan lójúmọ́, ó ń wá dọ́là kan lọ́wọ́ ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni pé ó sáré lórí ìrora tó pọ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ìpinnu rẹ̀ kì í ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tí ojúgun rẹ̀ yóò jinná bó bá sinmi fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọjọ́ 143 àti kìlómítà 5,373, jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá Thunder Bay. Kò dé etíkun kejì. Lọ́jọ́ náà, mílíọ̀nù 1.7 dọ́là ló wà lápò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo kó mílíọ̀nù 10.5 wọlé, nígbà tó sì máa fi di oṣù Kejì 1981 ó ti di mílíọ̀nù 24.17, dọ́là kan fún orí kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè náà, bó ṣe béèrè gan-an. Owó náà kò dúró nítorí pé eré kò parí. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1981. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn 300,000 ènìyàn jáde fún eré àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Wọn kò gba owó ìwọlé, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìíní, ẹni tó bá fẹ́ sá sá, ẹni tó bá fẹ́ rìn rìn.